Ife Tí Mi Ò Gbọdọ̀ Fi Mu Omi

Ẹ̀yin olóòtú ètò wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ìgbìrà ni mí. Oṣù kẹta rèé tí mo dé ilé-ìwé kan ní Ìkẹ́rẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀, fi sinimá hàn wá nípa ìlú tí aláwọ̀ dúdú ò ti gbọdọ̀ mu omi lẹ́nu ẹ̀rọ àwọn òyìnbó. Àwọn ọmọbìnrin sunkún. Tíṣà bi wá pé, "Ṣé irú èyí wà láàárín wa?"

Adébímpé tí a jọ ń gbé yàrá dìde. "Rárá, sà! Àwa kì í ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀."

Nígbà tí a padà sí yàrá, mo nawọ́ mú ife tí gbogbo wọn fi ń mu omi. Adébímpé gbà á lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n fún ẹkún. "Ìgbìrà, agolo tìrẹ ńkọ́?" Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

Tíṣà ti ní kí n sọ̀rọ̀ lẹ́yìn sinimá mìíràn tí a ó wò ní ìparí oṣù, kí n sọ bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe gbà mí. Tí mo bá sọ òótọ́, mi ò ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́ títí n ó fi jáde. Tí mo bá purọ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n dìde sọ?