Orí Mi Lára Ògiri

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Tọ́pẹ́ ọmọ mi ló ní ká jọ lọ wo ọdún iṣẹ́ ọnà ní Bódìjà, òun, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ. Mo wé gèlè, mo tẹ̀ lé wọn.

Àfi bí mo ṣe rí ara mi lára ògiri. Àwòrán gàgàrà, orí mi lásán, irun funfun báláú. Fọ́tò tí ìyàwó Tọ́pẹ́ yà nígbà tí mò ń túrun ló gbé fún ayàwòrán.

Ìyàwó Tọ́pẹ́ ní, "Màámi, gbogbo èèyàn ló ń yìn yín."

"Ta ló bẹ̀ wọ́n? Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, ta ló rí mi níta láìwé gèlè?"

Tọ́pẹ́ ní, "Màámi, ẹ rọra, wọ́n ń wò wá."

"Ṣebí èmi ni wọ́n ń wò látàárọ̀."

Mo fi ìborùn mi bo àwòrán náà, mo jókòó tì í. Mo ní mi ò kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá gbé e fún mi. Ayàwòrán dọ̀bálẹ̀ títí, ó sú u, ló bá gbé e fún mi.

Àwòrán náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀kan. Ó jọ mi dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.