Ibi Tí Ẹlẹ́jọ́ Yóò Jókòó Sí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Iṣẹ́ ńlá já lé mi léjìká: ètò ogún ọdún fún àwọn ilé-ẹjọ́ ìlú yìí. Ibi tí a ó kọ́ wọn sí, ta ni yóò gba ẹnu ọ̀nà wo wọlé. Ọ̀gá wa — Baba Ẹ-Rọra, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn — ní, "Ẹ rọra yà á o. Àwọn ọmọ yín ni yóò ṣẹjọ́ níbẹ̀." Mo ní ọmọ tèmi kò ní rí ẹjọ́. Ó ṣe àmín, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta
Mo lọ wo kóòtù ẹjọ́ ìdílé, ti àtijọ́. Òrùlé ń jò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan — ẹni tó pẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Akọ̀wé kóòtù ní, "Màdáámù, ìjà mìíràn, orí bẹ́ǹṣì yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta
Òjò. Mo yàwòrán títí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá. Láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, kì í kẹ̀yìn sílẹ̀kùn. Ó fẹ́ jáwọ́ nínú ẹjọ́ tó pè láti gba àwọn ọmọ rẹ̀! "Àbúrò mi, kì í ṣe adájọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Bẹ́ǹṣì yẹn ni. Ọkọ mi yóò jókòó tì mí, yóò máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. Kí wọ́n tó pè wá, ẹnu mi á ti wọ."
Mo rò pé mo ti rí bẹ́ǹṣì yẹn. N kò rí i. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta
Mo ya yàrá ìdúró méjì sí i, ẹnu ọ̀nà méjì, mo gbé e lọ sípàdé. Akápò ìlú, tí a ń pè ní Ahun, bú sẹ́rìn-ín: tọkọtaya tó ti jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni kò wá ní gbà wọ́n? Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Mo wá sọ ti ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbóhùn sókè. Ahun tún fa àwòrán náà wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta
Wọ́n gbà á wọlé! Ahun pàápàá nawọ́. Mo sáré fi foonù sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó ṣàdúrà fún mi dáadáa. Lẹ́yìn náà: "Ìgbà wo ni wọn ó kọ́ ọ tán?"
Mo ní bí ọdún mẹ́jọ.
"Ẹtì yìí ni ẹjọ́ tèmi."

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta
Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo tẹ̀ lé e lọ sí kóòtù. Ọkọ rẹ̀ dé, ó ń bọ̀ wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Mo bọ́ sáàárín, mo jókòó fẹ̀gẹ̀gẹ̀, mo gbé báàgì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wò mí. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." N kò kúrò níbẹ̀.
Wọ́n pè wọ́n wọlé. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi ketekete.
Lọ́la la ó lọ kó àwọn ọmọ.