Géèmù Yìí Tóbi Díẹ̀ fún Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ara? Mo bẹ Ọlọ́run kó máa bá mi ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó. Ara èmi náà le, àfi orúnkún tó ń ké bí mo bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ajá wa ti bímọ márùn-ún sábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, kò sì jẹ́ kí n na ẹsẹ̀ mọ́. Akáyín, ọmọ rẹ, wà dáadáa. Eyín iwájú tó ká ò tíì hù, síbẹ̀ ẹnu ẹ̀ ò dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ géèmù tí o ní kí n bá ọ wò nínú ọlidé tí Akáyín wá lò lọ́dọ̀ mi yìí ni mo fẹ́ sọ. O ní ohun tí mo bá ti sọ labẹ gé, pé bí mi ò bá fọwọ́ sí i, o máa yọ ọ́ kúrò. Akáyín gbọ́, ó sì ń wojú mi látàárọ̀ bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

Mo rí i tí wọ́n kọ méjìlá gàdàgbà sí i níwájú, inú sì bí mi sí ọ díẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé ìwọ̀n ọmọ rẹ ni? Aṣọ tí mo rán fún un lóṣù tó kọjá, mẹ́jọ ni, ó sì bá a lára mu. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ orí ni nọ́ńbà yẹn, pé ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n ṣe é fún. Mo ní ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn.

Mo bá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Ogójì ènìyàn á já bọ́ látòkè, wọ́n á sì máa yìnbọn lu ara wọn láìkí ara wọn. Mo bi Akáyín pé kí ni wọ́n ń jà lé lórí, ó ní kò sí. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde lára ẹnikẹ́ni, mo wò ó dáadáa. Ẹni tó kú á tún padà wá, aṣọ rẹ̀ ò sì ní ya. Ẹni tó ránṣọ fún wọn mọṣẹ́ o. Mo ti ya ọrùn ẹ̀wù ọ̀kan sínú ìwé.

Àwọn ohùn ibẹ̀ ló dẹ́rù bà mí. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti kẹ̀ ń bi ọmọ rẹ pé ilé ìwé wo ló ń lọ. Mo gba nǹkan tó fi bo etí tó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo ní èmi ni ìyá ìyá rẹ̀, kí òun náà sọ ilé ìwé tó lọ ká jọ mọ̀. Ó sá lọ.

Síbẹ̀, má yọ ọ́. Bí aṣọ bá tóbi fún ọmọ oníbàárà mi, mi ò kí ń sọ ọ́ nù. Mo máa ń ká etí rẹ̀ wọlé ni, kí n fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tó máa dàgbà. Obìnrin fóònù ti bá wa pa ohùn àwọn àjèjì, ó ku ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì rẹ̀. Wákàtí kan lójúmọ́, ní pálọ̀, lójú àgbà. Tó bá pé méjìlá, a máa tú etí rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Nínú géèmù náà, ẹni tí ìbọn bá bà máa ń rákò, títí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi wá gbé e dìde. Mo rí i pé Akáyín ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìbọn ba òun. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun fẹ́ràn kí ènìyàn máa sáré bọ̀ wá bá òun. Ó ní oorun ti máa ń gbé òun lọ kí o tó tibi iṣẹ́ dé. Mi ò fi bá ọ wí o, ọmọ mi. Èmi náà ránṣọ oníbàárà títí, tí ìwọ ń sùn sórí àjákù aṣọ níbi tí ajá wà yìí. Ó ṣì ń dùn mí.

Jọ̀wọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, torí èmi náà ti wọ ẹgbẹ́ wọn. Mi ò mọ ìbọn yìn, àmọ́ mo ti mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti gbé ènìyàn dìde, ibẹ̀ nìkan ni mo ń tẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló wà nínú ẹgbẹ́ kan, àwa mẹ́ta la ṣì wà níbẹ̀, èmi, Akáyín àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn. Akáyín ní ká má fi ẹnikẹ́ni dí àyè tó kù.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Níbikíbi tó o bá ṣubú sí, wàá rí ẹni sáré wá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ti ń sáré bọ̀.