Páànù Mẹ́ta Tí Mo Fi Bo Díìṣì Tuntun

Àkọ́bí mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jíhìn owó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ni o fi ránṣẹ́ pé kí a fi pe oníṣẹ́ láti ìlú wá, kí ó bá wa gbé díìṣì tuntun náà sókè. Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún agégi. Òpó irin pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì gba ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Páànù mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Pákó àti ìṣó, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Àkàbà tí mo yá fún ọjọ́ kan, ẹgbẹ̀rún kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó sì ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn náà kò sí mọ́. Màá sọ ibi tó lọ.

Iṣẹ́ tuntun ń kọ́? Ṣé o ń jẹun? Ṣé ọ̀gá rẹ kì í jágbe mọ́ ọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní ìlẹ̀kùn ni yóò máa ṣọ́ yàrá rẹ. Èmi wà. Bàbá rẹ náà wà, ṣùgbọ́n wọn kò sí nílé, ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ o, kí o má baà sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Èmi náà kò sì lè fi ẹnu sọ ọ́. Ìwé kò ní gbọ̀n bí ohùn mi ṣe máa gbọ̀n.

O mọ̀ pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa ń wo egbò ẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ lórí fóònù, nítorí ìtọ̀ ṣúgà tó wà lára wọn. Mo máa ń nu àga kan sílẹ̀ fún fóònù náà, mo sì máa ń wọ aṣọ tó dáa, torí ẹni tó ń wọ ilé ẹni wá ni àlejò, ì báà jẹ́ orí rẹ̀ nìkan ló wọlé. Díìṣì àtijọ́, tí òun nìkan ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ojú ọ̀run wọ fóònù wa níhìn-ín, ló wá ń gé ojú dókítà sí wẹ́wẹ́, tí kò fi lè mọ̀ bóyá egbò náà pupa ni tàbí ó dúdú, ni o ṣe fi tuntun ránṣẹ́. Oníṣẹ́ ìlú ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin ni òun máa gbà. Mo ní ṣé ilé ló fẹ́ kọ́ fún wa ni. Èmi tí mo ti ń fi téèpù wọn ejìká àti ìbàdí ènìyàn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí ni mi ò lè wọ̀n?

Mo ka ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán igi kan síbẹ̀, wọ́n sì fa ìlà méjì kọjá lórí igi náà. Mo ní ó ti yé mi, díìṣì yìí kò fẹ́ igi. Mo pe agégi, ó gé igi ẹ̀yìnkùlé tí bàbá rẹ máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Mo ri òpó mọ́lẹ̀, mo de díìṣì mọ́ ọn, mo fa wáyà gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi ti lọ, oòrùn wá dúró sórí díìṣì náà gbagidi, òjò sì ń bọ̀. Ohun tó wọ́n tó báyẹn! Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ kì í fi í sílẹ̀ síta gbangba. Mo yẹ ìwé náà wò látòkè délẹ̀: igi ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ páànù. Ni mo bá kan òrùlé sí i lórí, ó rẹwà bí ilé ẹyẹlé. Bàbá rẹ jókòó, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe ibi tí ìṣó kù sí fún mi, wọ́n ní Oníṣirò, o ti kọ́lé fún àlejò kí àlejò tó kí wa. Oníṣirò ni wọ́n ń pè mí látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ mi.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ta díìṣì àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Mo ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá tí oníṣẹ́ ìbá fi gbà jù wá lọ, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, èrè wa jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orin ni mo fi sùn.

Iná pupa kan tàn lára àpótí kékeré tí mo ki wáyà díìṣì náà bọ̀ nínú ilé. Mo mọ iná pupa. Áyọ́ọ̀nù mi náà, tí iná rẹ̀ bá pupa, ó ń gbóná lọ́wọ́ ni, ènìyàn kì í kánjú gbé e lé aṣọ. Mo ní ohun tó máa bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ kí ó tó gbóná. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ dé, ó pupa. Mo wọ aṣọ àlejò, mo bọ́ ọ. Ọjọ́bọ̀ kejì dé, ó pupa. Ìka ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó kéré jù ti ń dúdú, ó sì ń rùn. Mo ní kí a wá ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ṣé èmi tí mo ń ka ẹyọ ìṣó ni mo fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún méjìlá gbé ọmọ ìka kan rìnrìn-àjò, wọ́n ní dókítà yóò rí i ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Mo gbà. Mo gbà, ọmọ mi, nítorí ẹgbẹ̀rún méjìlá náà ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀ kẹta ni awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá fún ọ wá gba ṣòkòtò tí mo bá a rán. Ó rí òrùlé náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ìyá aránṣọ, ẹ ní kó máa wo ojú ọ̀run, ẹ sì da ìkòkò bò ó lójú. Ìgbà tó wo ojú mi ló bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ó gòkè, ó yọ páànù kan, ó yọ èkejì. Kó tó yọ ẹ̀kẹta, iná pupa ti di funfun. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo iṣẹ́ tí dókítà ti ń rán láti ọjọ́ mọ́kànlélógún ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kà á, mẹ́tàdínlógún ni. Mo gbé fóònù kọjú sí ẹsẹ̀ náà. Dókítà kò kí wa lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí a máa gbé wọn bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a má tilẹ̀ dúró wẹ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú ilé yìí, ó ku mẹ́ta. Mo ti gé ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ṣẹ́ ẹ létí. Aṣọ tí mo gé kúrò tó rán ìrọ̀rí kan, mi ò jẹ́ kó ṣòfò.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé bàbá rẹ kò mọ̀. Ibà ti dá wọn dùbúlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ń yọ páànù, wọ́n rò pé ọjọ́ yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí wa. Wọ́n ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ìyàwó àwọn ló dá gbé díìṣì sókè láìpe oníṣẹ́, pé ó jèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì ti kí mi kú ọgbọ́n. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Awakọ̀ ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ, ìwọ náà má sọ. Èmi ni mo kan òrùlé náà, èmi ni màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé.

Kí wọ́n tó wọlé ni owó kàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù, pẹ̀lú mẹ́rin ti irin àlòkù, di ọgbọ̀n. Awakọ̀ gba méjìlá, mo fi méjìdínlógún sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ abẹ àti oògùn jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá ní ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́rin, ó ku kékeré tí mò ń fi ọwọ́ yí. Ó wá ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé àádọ́ta. Dókítà ní bàbá rẹ lè máa lọ sílé, àwọn tó ń gbowó ní kò lè lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n ń kà lé wa lórí fún ibùsùn lójoojúmọ́, òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí o bá ní, fi ránṣẹ́. Má san owó oṣù díìṣì tó tán lọ́jọ́ Àìkú. Ojú rẹ̀ ti là sí ọ̀run báyìí, kí ó máa wò ó lọ.

Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ni yóò gbé ọ wọlé yìí. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò ní fi owó kékeré pamọ́ kí o fi ohun ńlá wá a.

Èmi ni ìyá rẹ.

Gbèsè títí di òní jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé méjìlélọ́gọ́ta. Awakọ̀ ní ọjọ́ méjì ni òun máa lò lójú ọ̀nà, nítorí náà, bí o ṣe ń kà á yìí, ó ti di igba ó lé méjìdínláàádọ́rin. Tí táyà rẹ̀ bá jò, fi mẹ́ta kún un.