Ẹni Tó Dìde ní Gbọ̀ngàn

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà. Orúnkún tó ń dun Màmá ti rọrùn díẹ̀, oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ti pààrọ̀ páànù tó ń jò.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ yan ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ilé gbígbé sí, wọ́n á sì fún onílẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Onílẹ̀ tó bá fẹ́ kí wọ́n yan tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Àfi bí mo ṣe rí oko Bàbá lára máàpù àwọn ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ mú wá, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wọn! Mo ní olè kan ló fẹ́ ta á. Mo kó àwọn aládùúgbò jọ, mo fa Màmá lọ́wọ́, a forí lé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Màmá ò sọ̀rọ̀, mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Ọ̀gá tó ń darí ìpàdé bèèrè pé, "Ta ló mú ilẹ̀ yìí wá?"

Màmá fi ọ̀pá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Èmi ni."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ya ẹnu, mi ò lè pa á dé. Ó ní, "Kò sọ́mọ tó máa ro oko yẹn mọ́. Tí ilé bá wà níbẹ̀, bóyá èyí tó lọ á padà."

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pe Màmá. Láràárọ̀ ló ń bi mí pé yàrá mélòó ló máa tó yín.

Àbúrò yín