Àwọn Ọkọ Inú Àmù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà kí n tó sọ ọ́. Mo ti lọ́kọ. Ṣé ẹ rántí ọkùnrin kan tó máa ń wá láti Sakété, tó ń fi asẹ́ gbọ́n odò wa ní Towé, tó ń kó ẹja wẹ́wẹ́ sínú garawa? Ẹ ní ẹni tó bá ń pa ẹja tí kò lè kún ihò eyín, orí onítọ̀hún ti dàrú. Òun náà ni, Bàbá. Òun ni mo fẹ́. N kò lè kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, ojú sì ń tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa kà á.

Orí rẹ̀ ò dàrú o. Òyìnbó kan ní Àjàṣẹ́ ló ń ra ẹja náà láàyè, tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kó wọn lọ sí ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ní inú àpótí dígí ni wọ́n ń kó wọn sí níbẹ̀, nínú pálọ̀, wọ́n á wá jókòó máa wò wọ́n. Wọn kì í jẹ wọ́n. Ìyá ọkọ mi ní ṣé ata ni wọn ò ní ni, àbí epo ló wọ́n? N kò mọ èsì. Ẹ̀yin ńkọ́?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sìn mí bọ̀ láti ilé wa, tí a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Pobè, mo daṣọ borí, mo gbé igbá kékeré lé itan, mo sì ń yọjú wo inú rẹ̀ ṣáá. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin rò pé ẹkún ni mò ń sun sínú igbá. Ó ń gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́: “Sun ún dáadáa, ọmọ mi. Omijé ìyàwó kì í ṣòfò.” Ẹja méjì ló wà níbẹ̀, Bàbá, láti inú odò wa, àwọn tí ara wọn rí bí aró, tí ìrù wọn pọ́n bí ogbe àkùkọ.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Nílé wa, kò sígbà tí ẹja ò sí nínú àmù, kó máa jẹ tanwíjí, kí ẹ̀fọn má bàa ti inú omi mímu wa jáde wá jẹ wá. Ẹ kì í sì í bu omi láìkọ́kọ́ fi ìka kan àmù, kí ẹ ní “Àgò o!” kí wọ́n lè sá lọ sísàlẹ̀. Mo rò pé gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Sakété kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo da ẹja mi sínú àmù ńlá ìyá ọkọ mi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Látìgbà tí mo ti dé, mo kàn ń kúnlẹ̀ ni, mo ń dáhùn “ẹ̀n, mà.” Lówùúrọ̀, ìyá bu omi sínú bútà, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Omi kọ̀, kò jáde. Ó mì ín. Ó tún mì ín. Ohun kan bá bọ́ sí i látẹ́lẹwọ́, ó ń jó.

“Ẹ gbà mí o! Omi bímọ! Omi bímọ mọ́ mi lọ́wọ́!”

Gbogbo agbo ilé jáde. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Ìbàdí-Àrán, ní ìyàwó yìí ti gbé nǹkan wá láti ilé baba rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ẹja ni mo gbé wá. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu. Ọkọ mi wo ẹja, ó wo ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó dá a padà sínú àmù, ó sì bá mi ṣàlàyé. Ìyá ń bínú sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé kò sí tanwíjí nínú omi òun mọ́, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan àmù: “Àgò o, ẹ̀yin ọkọ mi.”

Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé gan-an nìyí. Òyìnbó yẹn ò fẹ́ abo. Abo ẹja náà rí bí ewé tó ti rà, ta ni yóò gbé e sí pálọ̀? Akọ ló ń rà, irú àwọn méjì inú àmù wa. Ọkọ mi á gbọ́n odò, á ṣa akọ, á da abo padà, ó rò pé àánú lòun ń ṣe wọ́n. Nígbà tí a lọ ro ẹ̀gbẹ́ ibojì yín, mo dé etí odò, níbi tí ẹ máa ń ki ẹsẹ̀ sómi tẹ́ ẹ bá ti oko dé. Abo nìkan ló kù, Bàbá. Odò yín ti di ilé opó. Mo wá ọmọ ẹja títí, n kò rí ẹyọ kan. Tanwíjí kún abẹ́ ọ̀pá ìko. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ará ilé ń gbá ẹ̀fọn lára ara wọn pà-pà-pà bí ẹni ń pàtẹ́wọ́ fún ìjọba òmìnira.

Mo rí i, mo gbé e mì. Òyìnbó ti ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún ọkọ mi tí garawa kan bá tún kún, ó sì ti ń lá àlá kẹ̀kẹ́ yẹn. Ó ń fi ẹnu dún agogo rẹ̀ lójú oorun.

Òyìnbó wá fi ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Sakété, kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́yìn ọkọ̀. Garawa ṣófo. Ọkọ mi ń họ orí. Mo wá rí i tí ojú rẹ̀ rọra yí sọ́dọ̀ àmù.

Ìyá náà rí i. N kò mọ̀ pé ìyá lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìdí lé ìdérí àmù gbàà.

“Músé Òyìnbó, omi mímu la ní níbí o! Ẹ wá odò lọ!”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹja lásán ni.”

“Ìwọ lẹja lásán! Àwọn yìí ń ṣiṣẹ́ nílé yìí jù ọ́ lọ.”

Òyìnbó ò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé ìnájà ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nàka pé òun á kúkú ra àmù náà pọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi na ọwọ́ láti gbé ìyá kúrò. Bàbá, n kò mọ ẹni tó ya ẹnu mi.

“Tí ẹ bá ta àwọn ọkọ tó kù, ta ni yóò fún àwọn opó Towé lóyún?”

Ìbàdí-Àrán ní, “Háà! Ó lóhùn!” Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo faṣọ bo ojú. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìró ọkọ̀ Òyìnbó tó ń lọ, tòun ti kẹ̀kẹ́ wa. Ọkọ mi wá lóṣòó tì mí. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé abo nìkan ló kù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Èmi ni mo pa ọkọ wọn run?”

Mo ní wọn ò kú, wọ́n wà ní pálọ̀ ní Faransé, àwọn Òyìnbó ń wò wọ́n. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà já mọ́ ọn lẹ́nu.

A dá àwọn méjèèjì padà sí Towé. Ìyá ní ọkọ ìyàwó kì í lọ bí ìsáǹsá. Ó da omi sí ìdí igbá bí wọ́n ṣe ń da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀, ó sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀ ojú irin, ó ní, “Ẹ má ṣọ̀lẹ o!” Ọkọ mi ti padà sídìí ọ̀pẹ tó ń kọ tẹ́lẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ ló sì ń fi rìn. Ó ń bẹ àwọn alásẹ́ yòókù pé kí wọ́n jẹ́ kí odò sinmi ná, tí wọ́n bá sì padà wá, kí wọ́n máa fi akọ díẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan gbọ́. Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ ló ń tì í kiri. Èmi!

Tanwíjí ti padà sínú àmù wa, a ń fi aṣọ sẹ́ omi mu. Síbẹ̀ ìyá ń kan àmù ní àràárọ̀, ó ń tọrọ àgò lọ́wọ́ omi lásán. Lẹ́yìn náà á bi mí bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ọmọ tó dé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò sì sọ fún mi rí. Ṣé ó máa ń pẹ́? Àmọ́ tí ìyá bá ń béèrè, kì í wo ọ̀nà Towé. Ikùn mi ló ń wò.

Ti odò, n kò tíì mọ̀. Ti èkejì, ó jọ pé mo mọ̀, torí ní ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí òórùn epo bá ti kan imú mi, èébì á máa gbé mi. N kò tíì sọ fún ọkọ mi. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń kan àmù kó tó bu omi.