AA Ni Wọ́n Pe Èmi Àti Ìwọ

                                        Ilé Màmá Wùnmí,
                                        Chadwell Heath,
                                        Dagenham, London.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ògún, 2025.

Dámiláre, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá ńkọ́? Àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Iléṣà ńkọ́, ṣé wọ́n ti gba ìsinmi, àbí wọ́n ṣì ń fojú rẹ rí màbo? Ayọ̀mípọ̀sí ìyàwó wa ńkọ́? Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìgbéyàwó o. Ní tèmi, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn ni kò le, Dámiláre. Jẹ́ kí n rọra máa sọ ọ́.

O mọ̀ pé ní abúlé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Áyówà, ní Amẹ́ríkà, àgbàdo ni mò ń rí láàárọ̀, àgbàdo ni mò ń rí lálẹ́. Ọkọ̀ tó bá pàdé mi lọ́nà, bí n kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń wà á, yóò juwọ́ sí mi. Bí a ṣe gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni mo forí lé Lọ́ńdọ̀nù nítorí Moṣọpẹ́ tèmi, tí a jọ ń fẹ́ra lórí fóònù láti èṣí. Yàrá kan ni mo gbà lọ́dọ̀ Màmá Wùnmí, ọmọ ìjọ àwọn Moṣọpẹ́.

Háà, ojú mi rí nǹkan! Mo wọ tíréènì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀, ni obìnrin kan bá gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Moṣọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dé, abeg, ṣé o fẹ́ kí wọ́n pe ọlọ́pàá ni?" Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn nílùú yìí. Ibi ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock ló ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí kò bá sí níbi iṣẹ́, a máa ń lọ jẹ mọ́ínmọ́ín nílé ìyá rẹ̀ ní Longbridge. Ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn débi pé mo ti ń wá iṣẹ́ tíṣà níbí.

Ìjọ Aládùúrà tiwọn kì í so ọkọ àti aya pọ̀ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Moṣọpẹ́ ti sọ fún mi tipẹ́ pé AS ni òun. Èmi náà fọwọ́ sọ̀yà pé AA ni mí, kò séwu. Ṣé o rántí ọkùnrin tó wá gba ẹ̀jẹ̀ wa nílé-ìwé nígbà tí a wà ní SS1? Ó ń pe orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan níwájú ìlà, AA ló pe èmi àti ìwọ, a sì ń yangàn kiri bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ni mo gbára lé láti ìgbà náà. Mo kàn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ọkàn ìjọ lè balẹ̀ ni.

AS ni nọ́ọ̀sì pè mí. Mo ní kó tún un yẹ̀ wò. Ó tún un yẹ̀ wò. AS náà ni.

Ibi tí mo ti wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ rèé. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ ńlá, àgbà la kọ́kọ́ ń mú un tọ̀ lọ. Ìyá Moṣọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ pè, mo rò pé wọn yóò bá mi wá ẹnu tí a ó fi sọ ọ́. Màmá pariwo, "Jésù!" Wọ́n já fóònù. Kí n tó dé Dagenham Dock, wọ́n ti pe ọmọ wọn níbi iṣẹ́. Mo bá a níta tòun ti jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́rùn, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Ṣé ẹnu màmá mi ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní àwọn AS kan fẹ́ra wọn, Ọlọ́run sì kó wọn yọ. Mo ní àwọn dókítà ti gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó wá sọ fún mi nípa Adéṣọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí àrùn fọníkúfọládìde pa. Moṣọpẹ́ ló máa ń fi aṣọ gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀ nígbà tí egungun bá ń ro ó, tí Adéṣọlá ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kú. Ó ní, "Bọ̀dé, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n n kò lè tún jókòó ti ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, pàápàá ọmọ tí mo bí." Ó gbá mi mọ́ra pẹ́, bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè mi mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀ rán sí mi bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Dámiláre, ó dùn mí wọra. Mo sunkún bí ọmọdé, Màmá Wùnmí ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọkùnrin kan náà ló pe ìwọ náà ní AA lọ́jọ́ yẹn, ìwọ fúnra rẹ lo sì sọ fún mi pé AS ni Ayọ̀mípọ̀sí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, lọ sí ọsibítù gidi, kí o tún ẹ̀jẹ̀ rẹ yẹ̀ wò. Má tìtorí pé ẹ ti pe èèyàn síbi ìgbéyàwó kí o má lọ.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá. Bí o bá rí ìyá mi, sọ pé mo ń jẹun dáadáa; èmi ni n ó sọ ìyókù fún wọn. Bí ó bá jẹ́ AA, pè mí lójú ẹsẹ̀, kí n rí nǹkan yọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ AS, má pe èmi, má pe màmá rẹ, má pe pásítọ̀. Ọ̀dọ̀ Ayọ̀mípọ̀sí ni kí o gbà lọ tààrà.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní tàn ọ́,
                                        Olúbọ̀dé.